Elégédé Tí Màámi Sè Láti Ìkòròdú Dé Ẹ̀pẹ́

Ní ilé tí mo ti ṣe kékeré ní Ìkòròdú, àkùkọ kì í jí wa. Ohun tó ń jí wa ni igbe "Wọ́n ti múná wá o!" Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí gílóòbù tó tàn ló máa ń ké e, gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ á sì gbà á lẹ́nu rẹ̀. Ilé gbọọrọ ni, yàrá kọjú sí yàrá, ọmọ Ọ̀yọ́ àti ọmọ Ọ̀ṣun ló sì pọ̀ jù nínú àwọn ayálégbé ibẹ̀. Bí iná bá ti dé, kò sẹ́ni tó ń ráyè kí ẹnìkejì: ẹ̀rọ tó ń fa omi á bẹ̀rẹ̀ sí í kùn, àwọn obìnrin á máa du súwíìṣì nítorí áyọ́ọ̀nù, rédíò Bàbá Káfílátù tó ń gbé yàrá ẹnu ọ̀nà á sì bú sí wáàsí, bí ẹni pé àárín ọ̀rọ̀ ni wọ́n ti dá a dúró lánàá. Iṣẹ́ tèmi ni kí n sáré kó kẹ́ẹ̀gì wa lọ síbi omi kí n tó bọ́jú, kí n tiẹ̀ tó kí ẹnikẹ́ni. Bí wọ́n bá wá mú iná náà lọ, "Háà!" kan ṣoṣo ni gbogbo ilé máa ń ṣe. Mo ti gbé láàrin oríṣiríṣi èèyàn láti ìgbà náà, n kò tíì rí ibi tí Mùsùlùmí àti Onígbàgbọ́ ti ń pa ohùn pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Màámi máa ń sọ pé ẹni tó bá gbọ́kàn lé iná Ìkòròdú kò yàtọ̀ sí ẹni tó ń retí kí àna òun wá bá òun fọ abọ́. Màámi yìí kan náà ló wá gbọ́kàn lé e.

Ọmọ Ìkìrun ni Màámi, ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni bàbá mi. Gbogbo ilé wa ló mọ̀ pé ọwọ́ Màámi dùn lọ́bẹ̀. Bí ó bá ń dáná, Bàbá Káfílátù á kúrò ní ẹnu ọ̀nà tirẹ̀, á wá jókòó sí ẹnu ọ̀nà tiwa, á ní atẹ́gùn ibẹ̀ ló dáa jù. Ṣùgbọ́n ẹnìkan wà tí kò fẹnu kan oúnjẹ Màámi rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e níyàwó, ẹni náà sì ni ìyá ọkọ rẹ̀, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Ẹ̀pẹ́. Kò bú u, kò sì kàn án lábùkù. Bí Màámi bá ti gbé abọ́ kúnlẹ̀, Ìyá Ẹ̀pẹ́ á rẹ́rìn-ín músẹ́ láìla ẹnu, á ní, "O ṣeun, ìyàwó mi. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun tán ni." Bí a dé láàárọ̀, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun tán ni. Bí a dé lálẹ́, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun tán ni. Ìgbà kan wà tí a débẹ̀ lẹ́yìn ọdún Ìtúnu Ààwẹ̀, tí a bá a tó ń mu ẹ̀kọ lọ́wọ́, ó gbé ife ẹ̀kọ sílẹ̀, ó ní òun ń san ààwẹ̀ tó kù lọ́rùn òun. Màámi sì rèé, gbogbo ohun tó mọ̀ pé wọ́n fi ń yẹ́ ìyá ọkọ sí ní Ìkìrun ló ń gbé lọ: ẹran ìgbẹ́ gbígbẹ, adìyẹ ìbílẹ̀ tó ti gbó dáadáa, iwe, ṣàkì. Bó ṣe gbé e lọ ni yóò gbé e bọ̀, àwa ọmọ ni yóò sì jẹ ẹ́ nínú mọ́tò. N kò lè purọ́, ọ̀rọ̀ náà kò dùn mí nígbà náà.

Ṣùgbọ́n ó ń dun Màámi. Ó ń dùn ún gan-an. Ìyá Súlíyá, ìyàwó ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tó ń yan ẹja ní ọjà ẹja Ẹ̀pẹ́, kì í jẹ́ kó gbàgbé. Á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á máa fi aṣọ ìborí fẹ́ ara rẹ̀, á ní, "Àgbà ló mọ ohun tí ẹnu òun ń fẹ́," á sì gbé abọ́ ẹja tirẹ̀ wọlé tọ Ìyá lọ. Bí a bá délé, Màámi á fẹ̀yìn ti ògiri ilé ìdáná, á bi bàbá mi pé, "Bàbá Títí, ẹ sọ òótọ́ fún mi, kí ni mo fi ṣe ìyá yín?" Bàbá mi á ní kò sí nǹkan kan. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, kò sí ọ̀rọ̀ tí kì í pa òwe ìtùnú sí, ohun tó sì máa ń sọ lọ́jọ́ gbogbo ni pé ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Màámi á ní ó ti pẹ́ tí òun ti ń fẹ̀sọ̀ mú un. Ohun tó ń fẹ́ kò ju pé kí obìnrin yẹn jẹ oúnjẹ òun lẹ́ẹ̀kan, kí òun sì fojú òun rí i.

Ọdún yẹn ni Àǹtí Dúpẹ́, àbúrò Màámi, ti Lọ́ńdọ̀nù dé, tó gbé ìkòkò kan wá. Ìkòkò oníná ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe irú èyí tó ń hó gbùdùgbùdù. Inú rẹ̀ jẹ́ amọ̀ tó ń dán, wọ́n á kó oúnjẹ sí i láàárọ̀, á máa gbóná díẹ̀díẹ̀, ó di ọ̀sán kó tó jinná. Àǹtí ní irú rẹ̀ ni àwọn ará ọ̀hún fi ń se ẹ̀fọ́ tí wọ́n bá ń retí àlejò púpọ̀, pé ohunkóhun tó bá wọ inú rẹ̀ á rọ̀, omi rẹ̀ á sì ki bíi wàrà. Gbogbo ilé ló wá wò ó. Bàbá Káfílátù gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó dúró, ó mi orí, ó ní, "Ìyá Títí, èyí kì í ṣe ìkòkò. Ibà ló ń ṣe é." Bàbá mi ló sọ ọ́ ní Ìkòkò Ọ̀lẹ, orúkọ náà sì mọ́ ọn lára.

Màámi gbìyànjú ohun púpọ̀ nínú Ìkòkò Ọ̀lẹ kó tó rí èyí tó wù ú. Elégédé ni. Ó gé e wẹ́wẹ́, ó fún omi àgbọn lé e lórí, ó po ẹ̀gúsí tó ti lọ̀ kúnná mọ́ alùbọ́sà àti edé gbígbẹ, ó wá já ewé gbúre sí i nígbà tó kù díẹ̀. Èmi ni mo ń rin àgbọn, ìka mi ló sì ń jẹ nínú ìyà ibẹ̀. Ó kọ́kọ́ se é lórí sítóòfù, iná le jù, omi àgbọn yapa, òróró lọ sókè, ìyókù dì sísàlẹ̀ bí ohun tó ti kan. Ṣùgbọ́n nígbà tó se é nínú Ìkòkò Ọ̀lẹ, tí iná sì ṣe wá lóore lọ́jọ́ náà, nǹkan tó jáde kì í ṣe ohun tí mo lè fẹnu sọ tán. Ó ń dán, ó pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ó ń yọ̀ lórí síbí, elégédé náà kò sì retí kí èèyàn jẹ òun kó tó yọ́ lẹ́nu. Bàbá Káfílátù pọ́n àwo rẹ̀ lá tán, ó ní òun tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ìkòkò náà. Màámi dìde, ó ní, "Èyí ni mo ń gbé lọ sí Ẹ̀pẹ́."

Ìpàdé ẹbí bàbá mi máa ń wáyé ní Sátidé tó bá tẹ̀lé Iléyá. Ọkùnrin ló ń ra ìrẹsì àti màlúù, ṣùgbọ́n ìyàwó kọ̀ọ̀kan ló ń gbé àwo tirẹ̀ wá, ohun tí gbogbo ẹbí á fi ti ìrẹsì náà lẹ́yìn. Wọ́n á tẹ́ àwọn àwo náà sórí ẹní ní àgbàlá, wọ́n á máa ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan láti orí ìyáálé títí kan ìyàwó kékeré, wọ́n á sì máa dárúkọ ẹni tó sè é. Màámi kó elégédé kún Ìkòkò Ọ̀lẹ dé ẹnu láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó fi wáyà rẹ̀ sí súwíìṣì ara ògiri, ó ní kí ẹnikẹ́ni má kọjá níbẹ̀. Kò pẹ́, gbogbo ilé ṣe "Háà!" lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n ti mú iná lọ. Ilé Ìyá Ẹ̀pẹ́ náà kò sì ní iná, òpó iná tó wó lójú pópó wọn ni wọ́n ṣì ń tún ṣe. Bàbá mi ní kí a kó elégédé náà sórí sítóòfù. Ojú tí Màámi fi wò ó, ó yára yí ọ̀rọ̀ pa dà, ó ní òun mọ ibi tí jẹnẹrétọ̀ kì í ti í sùn.

Ìpakodò ló gbé wa lọ, lẹ́gbẹ̀ẹ́ èbúté, sí ọ̀dọ̀ obìnrin kan tó ń ta yìnyín àti ẹja dídì. Èmi ni mo gbé ìkòkò náà lẹ́sẹ̀ nínú mọ́tò, wọ́n fi bùláńkẹ́ẹ̀tì wé e bí ọmọ tuntun. Ìyá Oníyìnyín kò fẹ́ gbọ́ àlàyé púpọ̀, ó yọ wáyà fáànù rẹ̀, ó ní kí a fi tiwa sí i. A jókòó títí. Àwọn tó ń dúró de ọkọ̀ ojú omi ń wò wá, àwọn òṣìṣẹ́ obìnrin náà ń fọ́ yìnyín, òórùn àgbọn sì bẹ̀rẹ̀ sí í borí òórùn ẹja. Nígbà tí a fẹ́ máa lọ ni Màámi ní kí wọ́n fún òun ní abọ́. Mo rò pé ó fẹ́ tọ́ ọ wò ni. Ó bu elégédé kún un, ó gbé e fún Ìyá Oníyìnyín, ó tún bu fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀. Bàbá mi fa aṣọ rẹ̀ láti ẹ̀yìn. "Ìyá Títí, kò tíì jinná!" Màámi ní, "Ṣé kí wọ́n sọ pé ará Ìkìrun ò lẹ́kọ̀ọ́ ni? Ẹni téèyàn bá dáná nílé rẹ̀, a kì í gbé ìkòkò kúrò lójú rẹ̀ kó má fẹnu kàn án." Ìyá Oníyìnyín tọ́ ọ wò, ó la ojú, ó ní, "Ẹ dákun, ọkọ mi wà lẹ́yìn." Wọ́n bu ti ọkọ náà.

Ó ní láti jẹ́ pé n kò lóye ohun tó ń ṣẹlẹ̀ dáadáa, nítorí inú mi ń dùn ni. Mo rò pé ìrìn àjò náà fúnra rẹ̀ ni ọdún. Ní Ìtọ́kìn, ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ kan ní iná, a sì dúró. Ọmọkùnrin tó ń fárí ní kí a máa bọ̀, ó yọ ọ̀kan nínú ẹ̀rọ rẹ̀, ó fi wáyà wa rọ́pò rẹ̀, ìyẹn ló fi jẹ́ pé àwọn oníbàárà méjì jókòó pẹ̀lú ìlàjì orí ní fífá, wọ́n ń retí kí elégédé jinná kí wọ́n tó rí ìlàjì yòókù fá. Ǹjẹ́ a lè fún onígbàjámọ̀ kí a má fún wọn? Bàbá mi bọ́ síta, ó lọ dúró lẹ́yìn mọ́tò, ó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. Nígbà tí a kúrò níbẹ̀, ìkòkò náà ti fúyẹ́ lẹ́sẹ̀ mi. Mo sọ fún Màámi. Ó ní kí n dákẹ́.

Lẹ́bàá Èjìnrìn ni wọ́n ti yanjú ìyókù. Gbúre ni a kò tíì já sí i, ó sì nílò ìgbóná díẹ̀ sí i, a wá gbọ́ ohùn jẹnẹrétọ̀ láti inú ṣọ́ọ̀ṣì kékeré kan. Àwọn apẹja láti etíkun Oǹdó ló ni ṣọ́ọ̀ṣì náà, àwọn akọrin wọn ń kọ́ orin tí wọ́n máa kọ lọ́jọ́ kejì. Bàbá mi, Alàájì ọmọ Alàájì, bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, ó wọlé lọ bẹ̀ wọ́n. Olórí akọrin, bàbá kan tó ga tó sì láwọ̀ dúdú, kọ́kọ́ rò pé aláìsàn ni a gbé wá nínú bùláńkẹ́ẹ̀tì. Nígbà tó rí ìkòkò, ó ní, "Ẹ gbé e wọlé. Kò sí ohun tí Olúwa ò lè sè." Wọ́n fi í sí ẹ̀gbẹ́ dùùrù. Wọ́n kọrin, ó ń gbóná. Wọ́n tún kọrin, òórùn ń jáde. Mo rí i pé àwọn olóhùn ìsàlẹ̀ kò wo ìwé orin mọ́. Nígbà tí gbúre rọ̀ tán, tí Màámi ṣí ìdérí, àwọn akọrin dákẹ́ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni dá wọn dúró. Wọ́n pọ̀ ju bí a ti rò lọ. Màámi wo ojú wọn, ó wo ìkòkò, ó wo bàbá mi, ó sì mú síbí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bù ú fún wọn. Títí di òní, bí mo bá rántí ìwo ojú yẹn, mo máa ń rò pé kò sí ìwà rere tí kò ní ọjọ́ tó máa ń jẹ ẹni tó ni ín níyà. Àwọn akọrin jẹun, wọ́n dìde, wọ́n gbàdúrà fún wa títí ìkòkò fi tutù. Ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, ohun tó kù kò ju èyí tí èèyàn kan ṣoṣo lè jẹ lọ.

A wọ Ẹ̀pẹ́. Nígbà tí a dé ẹnu ọ̀nà àgbàlá, a ti ń gbọ́ ariwo wọn, ìró àwo, ẹ̀rín àwọn ìyàwó, ohùn Ìyá Súlíyá tó ga ju ti gbogbo wọn lọ. Màámi ní kí n gba ẹ̀yìn, kí n gbé ìkòkò lọ sí yàrá Ìyá Ẹ̀pẹ́, tí ẹlòmíì kì í dédé wọ̀, kí n jókòó tì í, kí ẹnikẹ́ni má rí i. Ojú rẹ̀ pọ́n. Ó ní, "Màá ní a gbàgbé rẹ̀ sílé." Mo ṣe bó ti wí. Mo jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, bùláńkẹ́ẹ̀tì wà ní àyà mi, ni ilẹ̀kùn bá ṣí, tí Ìyá Ẹ̀pẹ́ wọlé, tó tì í lẹ́yìn ara rẹ̀. Kò rí mi. Ó mú ife omi kan lórí tábìlì, ó fi ìka méjì kó eyín jáde kúrò lẹ́nu rẹ̀, ti òkè àti ti ìsàlẹ̀, ó sọ wọ́n sínú omi náà. Mo ké. Òun náà ké.

Àwa méjèèjì wo ara wa. Ẹnu rẹ̀ ti rọ sínú, ó wá jọ ìyá mìíràn tí n kò mọ̀. Ohùn Ẹ̀pẹ́ ló máa ń fi bá wa sọ̀rọ̀, ó sì tún le fún mi láti gbọ́ láìsí eyín, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ó bi mí pé kí ni òórùn yẹn. Mo ṣí ìkòkò. Ó ní, "Ta ló sè é?" Mo ní Màámi ni. Ó tún ojú ṣe, bó ṣe máa ń ṣe, ó fẹ́ sọ pé òun ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun tán. Ọmọdé ni mí, ohun tó kàn wá sí mi lẹ́nu ni mo sọ: "Ìyá, kò gba eyín rárá."

Ó jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì. Ó gba síbí, ó fi kan ahọ́n. Ó pa ojú dé. Lẹ́yìn náà ni ó gbé ìkòkò náà lé orí itan, tó ń jẹ, tó ń mí sókè, bí ẹni tí ebi ti ń pa láti ọdún tí n kò mọ iye rẹ̀. Láàárín bí ó ti ń jẹ ẹ́ ló ń sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ẹran gbígbẹ. Iwe. Adìyẹ tó ti bí ọmọ-ọmọ. Eyín yìí máa ń tú bí mo bá bu ẹran jẹ. Ṣé kí ó wá tú sínú abọ́ lójú ìyàwó ọmọ mi?" Ó rẹ́rìn-ín. "Kò sí ẹni tó mọ̀ nínú ilé yìí. Ẹja Ìyá Súlíyá ńkọ́, ológbò ló ń bá mi jẹ ẹ́." Ó ha ìsàlẹ̀ ìkòkò, ó ní kí n gbé ìyókù wá. Mo ní kò sí ìyókù. Mo wá ròyìn ohun gbogbo fún un: Ìyá Oníyìnyín, àwọn onílàjì orí, àwọn akọrin. Ó rẹ́rìn-ín títí tó fi di ihà mú.

Ìgbà náà ni a gbọ́ ohùn Ìyá Súlíyá láti àgbàlá. "Ìyàwó Ìkòròdú! Gbogbo àwo la ti ṣí. Tìẹ dà?" A gbọ́ Màámi tó ń sọ nǹkan kan ní ohùn kékeré, a gbọ́ tí wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ìyá Súlíyá tún ní, "Ó gbàgbé rẹ̀ sílé kẹ̀! Ẹni tó ń bọ̀ wá jẹun ni kò gbàgbé ẹnu." Ìyá Ẹ̀pẹ́ dìde. Ó wo eyín rẹ̀ nínú ife. Ó wò ó pẹ́. Ìyá Ẹ̀pẹ́ yìí ni kì í jáde láìwé gèlè, tí kì í jẹun níta, tí ọba gan-an kò rí i kó la ẹnu rẹ́rìn-ín rí. Ó fi eyín náà sílẹ̀ níbẹ̀, ó gbé ìkòkò, ó ṣílẹ̀kùn.

Mo tẹ̀ lé e. Àwọn ọkùnrin rí i, wọ́n dìde. Àwọn ìyàwó rí ẹnu rẹ̀, ẹ̀rín kú mọ́ wọn lẹ́nu. Elégédé wà ní àgbọ̀n rẹ̀. Ó dúró láàrin àwo gbogbo wọn, ó dojú Ìkòkò Ọ̀lẹ délẹ̀ kí gbogbo ẹbí rí i pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀, ó ní, "Kò gbàgbé nǹkan kan. Èmi ni mo jẹ ẹ́."

Ìyá Súlíyá ní, "Ìyá, gbogbo ìkòkò?"

"Gbogbo rẹ̀. Ta ni yóò mú mi?"

Màámi ti wà lórí eékún. Kò wo ìkòkò, ẹnu Ìyá ló ń wò, mo sì rí ojú rẹ̀ bó ti ń yé e, ẹran kan tẹ̀ lé òmíràn, ọdún kan tẹ̀ lé òmíràn. Ó bú sẹ́kún, ó tún ń rẹ́rìn-ín. Ìyá Ẹ̀pẹ́ gbé ọwọ́ lé e lórí. Ó la ẹnu tí kò sí eyín kan nínú rẹ̀, ó la á gbàgà lójú gbogbo àwọn ọmọ rẹ̀.

Ó ní, "Dìde, ìyàwó mi. Kó o sè é pọ̀ ju báyìí lọ lọ́dún tó ń bọ̀. Mi ò yó."